"Accede" kì í ṣe "exceed" o: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ọ̀gá tàbí ìjọba, ẹ má kọ "exceed to our request" mọ́. Èmi fúnra mi ṣe é rí, àdúgbò wa ló ní kí n kọ̀wé sí ọ́fíìsì kan nítorí tiransifọ́mà tó jó, bí mo ṣe ń gbọ́ ọ létí ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́, nígbà tí lẹ́tà padà dé wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ẹ̀, ó sì dùn mí gan-an torí àwọn àgbà ló buwọ́ lù ú.

"Accede" ni kéèyàn gba ohun tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ sí, "exceed" ni kí nǹkan kọjá ààlà. Èdè Látìn ni méjèèjì ti wá, "cedere", ìyẹn kéèyàn lọ, tàbí kó yàgò fún ẹlòmíì. "Ad" tó wà níwájú "accede" dà bíi "sí" tiwa, ẹni tó accede ń súnmọ́ ohun tí wọ́n ní kó wá gbà, ìdí nìyẹn tí "to" fi gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. "Accede the request" ò pé rárá. "Ex" ní tiẹ̀, "jáde" ni, ó ti jáde kọjá ilà.

Wọ́n tún ń lo "accede" fún ọba tó gorí ìtẹ́, ibẹ̀ sì làwọn oníròyìn pàápàá ti ń ṣì í lò. Ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 1952 tí George Kẹfà, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú, ọjọ́ yẹn náà ni Elizabeth Kejì "acceded to the throne", Kẹ́ńyà ló wà nígbà yẹn, kò tíì sí adé kankan lórí ẹ̀, ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1953 ni wọ́n tó dé e ládé. Ìgorí ìtẹ́ yẹn ni "accession", ẹ má pe ọjọ́ ìdéadé bẹ́ẹ̀.

"Concede" ńkọ́? Ẹni tó concede, ó ń du nǹkan tẹ́lẹ̀, ó wá jọ̀wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2015 tí Jonathan pe Buhari lórí fóònù kí wọ́n tó kéde èsì ìbò tán, ó concede ni. Àmọ́ tíjọba bá gba ohun tí ASUU ń bèèrè, "accede to" nìyẹn.

Sípẹ́lì náà: "acceed" ò sí. Exceed, proceed àti succeed nìkan ló ní "ceed", supersede dá wà tiẹ̀, "cede" làwọn tó kù.

"Acquiesce" ló wá ń dà wá láàmú jù, inú ẹ̀ ni "quiet" wà, kéèyàn má fẹ́ nǹkan tán síbẹ̀ kó dákẹ́ kó jẹ́ kó kọjá. Ẹni tó fi tayọ̀tayọ̀ buwọ́ lùwé kò acquiesce. Ọ́fíìsì tí ò sì fèsì lẹ́tà yín náà kò tíì acquiesce, ẹ tún òmíràn kọ.