Òórùn Bẹntiróòlù Nínú Ọkọ̀ Tí A Páàkì: Bí Mo Ṣe Rí Ibi Tó Ti Ń Jò

Mo sanwó canister tuntun (agolo tí èédú inú rẹ̀ ń fa oru epo mọ́ra), mo sanwó purge valve tuntun (fáàfù tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fa oru náà lọ jó), òórùn bẹntiróòlù ò sì tìtorí ẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé mẹkáníìkì tó ní ká pààrọ̀ wọn ò bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ rárá. Ó gbóòórùn, ó dárúkọ ẹ̀yà ọkọ̀, ó gba owó. Kò sí ohun tó ṣe èyí tó yọ dànù.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò dìgbà tí a bá tú ohunkóhun ká tó mọ ibi tó yẹ ká wò. Ìgbà tí òórùn bá jáde ló máa ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ìgbà tí oòrùn bá mú ọkọ̀ ló ń le, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ epo kún dé ẹnu, ọ̀dọ̀ oru epo ni kí ẹ lọ: ìdérí táǹkì, canister, àti àwọn họ́ọ̀sì rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbà tí táǹkì bá kún nìkan, òkè táǹkì tàbí họ́ọ̀sì ibi tí a ń rọ epo sí ni. Ṣùgbọ́n tó bá le gan-an kété tí a bá pa ọkọ̀, tó wá ń rẹlẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, páìpù tí epo ń fi agbára gbà láti pọ́ǹpù lọ sọ́dọ̀ injector (ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì) ló ń jò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ní injector, agbára ibẹ̀ máa ń tó 40 sí 60 psi (ìwọ̀n tí a fi ń ka agbára tí epo fi ń ti páìpù), kì í sì í lọ tán lójú ẹsẹ̀ tí a bá pa ẹ́ńjìnì. Bí tèmi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Canister ò sí níbi ọ̀rọ̀ yìí rárá!

Mẹkáníìkì náà tún ní iná ẹ́ńjìnì ò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí náà kò sí ohun tó ń jò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ oru epo ni kọ̀ǹpútà ọkọ̀ máa ń dán wò, kì í wá epo tó ń jò lára páìpù. Ọ̀dọ̀ oru náà, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó di ìgbà tí epo táǹkì bá wà láàárín nǹkan bí 15 sí 85 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó dán an wò.

Tí ẹ bá fẹ́ wá ibi tó ń jò, ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá mọ́. Tọ́ọ̀ṣì LED ni kí ẹ lò, kí ohun tí a fi ń pa iná wà nítòsí. Ìdérí, fílítà àti ẹ̀gbẹ́ injector ò gba àkókò: mo fi aṣọ funfun nù wọ́n, aṣọ ò rin, kò gbóòórùn.

Orí pọ́ǹpù epo tó wà nínú táǹkì, lábẹ́ àga ẹ̀yìn, ni iṣẹ́ ti há. Bí mo ṣe ṣí páànù tó bò ó, òórùn kọlu imú mi, ṣùgbọ́n gbogbo ibẹ̀ gbẹ táútáú. Wàhálà bẹntiróòlù nìyẹn: kíún báyìí ló ń kán, ó tàn sórí táǹkì, ó sì ti fẹ́ lọ kí tọ́ọ̀ṣì tó dé ibẹ̀. Eruku ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Ó bo gbogbo orí táǹkì, àfi ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ fóó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu páìpù tí epo ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n èyí nìkan ò tó, torí ó lè jẹ́ epo tó dà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n tú pọ́ǹpù kẹ́yìn.

Mo fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ibẹ̀, mo nù ún gbẹ, mo lọ ṣọ́ọ̀kì funfun kúnná, mo sì bù ú wọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ yí orí pọ́ǹpù ká. Mo yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láì sítáàtì; pọ́ǹpù á ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 2, á dákẹ́. Mo pa á, mo tún ṣí i, léraléra, kí agbára lè gbéra. Ṣọ́ọ̀kì ò rin. Ó súni! Ìgbà tí mo wa ọkọ̀ títí ó fi gbóná dáadáa, tí mo pa á, tí mo wo ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ni mo rí i: ṣọ́ọ̀kì ti dúdú ní ìdí ẹnu páìpù, kò ju èékánná lọ. Mo ti dígí kékeré bọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ike ẹnu páìpù náà ti sán bí irun orí, ní ẹ̀gbẹ́ tí ojú lásán ò lè dé. Bí ike bá tutù, ojú sísán náà á pa dé. Bó bá gbóná, á là. Inú mi dùn gan-an pé mo rí i láì tún ra ẹ̀yà kankan.

Títú rẹ̀ ò ṣòro. Ẹ yọ fíúùsì pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ títí á fi kú fúnra rẹ̀, ẹ tú orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, kí epo má ju ìdajì táǹkì lọ. Ẹ má fa wáyà orí pọ́ǹpù nígbà tí iná ṣì wà níbẹ̀, torí ó lè ta pàrà. Irin idẹ ni kí ẹ fi gbá òrùka tó de pọ́ǹpù, torí irin lásán lè tanná. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ ike tó sán. Agbára epo á ṣí i. Orí pọ́ǹpù tuntun ni mo fi sí i, pẹ̀lú gasket tuntun (rọ́bà tó ń dí etí rẹ̀ pa), torí èyí tó wà níbẹ̀ ti wú, kò sì ní wọ ojú ihò rẹ̀ mọ́. Silicone ò gbọ́dọ̀ kan ibẹ̀: bẹntiróòlù á sọ ọ́ di jẹ́lẹ́jẹ́lẹ́, á já sínú táǹkì. Tó bá kan pé kí ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì, àmì 30R9 ni kí ẹ wò lára èyí tó wà níta, 30R10 fún èyí tó máa rì sínú epo.

Bí mo bá tún máa ṣe é, ṣọ́ọ̀kì ni máa fi bẹ̀rẹ̀, lórí ẹ́ńjìnì tó ti gbóná. Mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ohunkóhun láì kọ́kọ́ fi ojú ibi tó rin hàn mí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tò ó tán, ẹ wa ọkọ̀ títí á fi gbóná, kí ẹ tún wọ́n ṣọ́ọ̀kì síbẹ̀ kí ẹ tó da páànù bò ó. Ẹ lẹ etí páànù náà pa dáadáa, òun ni kì í jẹ́ kí oru wọ inú ọkọ̀. Tìmùtìmù àga àti kápẹ́ẹ̀tì ṣì máa ń di òórùn mú fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Tí ṣọ́ọ̀kì bá gbẹ, tí òórùn sì tún ń jáde lẹ́yìn tí kápẹ́ẹ̀tì ti fẹ́, họ́ọ̀sì ibi tí a ń rọ epo sí ló kàn láti wò.