Ẹ má mú ìdájọ́ tí ẹ kò kà lọ síwájú adájọ́

Rírí ìdájọ́ kò le mọ́ báyìí. Agbẹjọ́rò tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sínú kọ̀ǹpútà, ẹjọ́ rẹpẹtẹ yọ sí i. Kíkà wọn ló ń wọ́n wa.

Lọ́dún 2023, ní New York, àwọn agbẹjọ́rò ẹnì kan tó pe iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Avianca lẹ́jọ́ to àwọn ìdájọ́ sínú ìwé tí wọ́n gbé síwájú adájọ́. ChatGPT, ẹ̀rọ orí kọ̀ǹpútà tó ń dáhùn ìbéèrè, ni wọ́n fi wá wọn. Mẹ́fà nínú wọn kò sí níbì kankan: irọ́ ni ẹ̀rọ náà pa, tòun ti orúkọ adájọ́ àti nọ́ńbà ẹjọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé agbẹjọ́rò kan bi ẹ̀rọ yẹn kan náà bóyá òótọ́ ni àwọn ẹjọ́ ọ̀hún. Ó ní òótọ́ ni, agbẹjọ́rò sì gbà. Ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn $5,000 lé wọn. Ká ní wọ́n ṣí ìwé ìdájọ́ gan-an wò ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni àṣírí ì bá fi tú.

Àkótán tó máa ń wà lókè ìdájọ́ náà ń tan èèyàn. Láti 1906 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe ara ìdájọ́. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Gbólóhùn tó bá ẹjọ́ yín mu rẹ́gí lè jẹ́ àròyé agbẹjọ́rò tí adájọ́ kàn ń tún sọ, tí yóò sì dà á nù lójú ìwé kejì. Ó sì lè jẹ́ ti adájọ́ tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù.

Àbí ilé ẹjọ́ àgbà ti wọ́gi lé e? Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́: lọ́dún 1873, Frank Shepard bẹ̀rẹ̀ sí í ta bébà pélébé tí agbẹjọ́rò ń lẹ̀ mọ́ etí ìwé ìdájọ́, kó lè mọ ohun tí àwọn ẹjọ́ tó dé lẹ́yìn ti sọ nípa rẹ̀. Lónìí, Lexis àti Westlaw, àwọn ìkànnì tí agbẹjọ́rò ti ń wá ìdájọ́, ń ṣe é, àmì pupa ni wọ́n fi ń kìlọ̀. Ṣùgbọ́n abala kan ṣoṣo ni ilé ẹjọ́ lè ti wọ́gi lé, kí èyí tí ẹ nílò ṣì múlẹ̀. Ẹ ka ìdájọ́ tó wọ́gi lé e náà.

Bó bá jẹ́ òfin tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, ẹ wo déètì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀dà tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àtúnṣe kankan nínú.