Bí Mo Ṣe Rin Òpópónà Dearborn ní Chicago Láti Wo Àwọn Ilé àti Iṣẹ́ Ọnà Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá dé ìlú Chicago máa ń lọ tààrà sí Millennium Park láti ya àwòrán níwájú Cloud Gate, ère irin dídán tí Anish Kapoor ṣe. Èmi náà fẹ́ràn ère yẹn, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni mo ń wá. Mo fẹ́ mọ bí ilé ìgbàlódé àti iṣẹ́ ọnà tí ó wà ní ìta gbangba ṣe ń dá ara wọn lóhùn, mo sì yan òpópónà kan ṣoṣo, Dearborn, nítorí pé láti ìkóríta Jackson títí dé etí odò, ibẹ̀ ni ìtàn kíkọ́ ilé gíga ti tò tẹ̀lé ara rẹ̀ bí ẹni ka ìwé. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín láti gúúsù lọ sí àríwá, ìbéèrè kan náà ni mo sì ń bi ilé kọ̀ọ̀kan: kí ni ó gbé ọ dúró? Ìbéèrè yìí wúlò fún ère pẹ̀lú, nítorí ohun tí ó bá ga tó 50 ẹsẹ̀ bàtà kò lè ṣàì ní egungun.

Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí oòrùn ń tàn sí ojú àwọn ilé tí ó wà ní apá ìwọ̀-oòrùn òpópónà náà. Ilé Monadnock ni mo kọ́kọ́ dúró sí. Ìdajì rẹ̀ tí ó wà ní apá Jackson, èyí tí John Root yàwòrán rẹ̀, ni wọ́n parí ní ọdún 1891. Ó ní àjà 16, ògiri bíríkì rẹ̀ ni ó sì ń ru ẹrù ilé náà, ìdí sì nìyí tí ògiri náà fi nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà 6 nísàlẹ̀. Àwọn fèrèsé ìsàlẹ̀ wọnú ògiri débi pé òjìji bo gíláàsì wọn. Bí ẹ bá fi ara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ẹ óò rí i pé ògiri yìí kò lọ sókè gbọnrangandan: ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó tẹ̀ sínú díẹ̀díẹ̀, ó sì tún yọ síta ní òkè téńté. Gbogbo ọ̀ṣọ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ, ìyẹn gan-an sì tó. Àmọ́ ẹrù bíríkì pọ̀ fún ilẹ̀ amọ̀ Chicago, nítorí náà ilé náà rì tó 20 íǹṣì láàárín àwọn ẹ̀wádún tí ó tẹ̀lé kíkọ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Holabird & Roche ni ó yàwòrán ìdajì kejì, tí wọ́n parí ní 1893, irin sì ni egungun rẹ̀. Mo dúró síbi tí ìdajì méjèèjì ti pàdé, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, ó sì hàn kedere pé láàárín ọdún méjì péré ni bíríkì ti gbé ẹrù ilé lé irin lọ́wọ́.

Bí mo ṣe sọdá Jackson ni mo bọ́ sí gbàgede ìjọba àpapọ̀, iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Ludwig Mies van der Rohe. Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù. Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ilé ẹjọ́ Dirksen tí wọ́n parí ní 1964, ilé gíga Kluczynski tí wọ́n parí ní 1974, àti ilé ìfìwéránṣẹ́ tí kò ní ju àjà kan lọ. Dúdú ni irin wọn, gíláàsì ni ó kún àlàfo tí ó wà láàárín. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ kíákíá lè sọ pé àpótí dúdú lásán ni wọ́n, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Mo wo ilẹ̀ dípò òkè. Òkúta akọ ni wọ́n tẹ́ sí gbàgede náà, àárín ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8. Mo tẹ̀lé ìlà kan títí ó fi dé ìdí gíláàsì ilé náà. Kò dúró níbẹ̀: ó wọlé lọ, ó la gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ kọjá, àwọn ìlà irin tí ó gun ojú ilé lọ sókè sì wà ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀. Ilẹ̀, gbọ̀ngàn àti ilé gbogbo, òṣùwọ̀n kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Láti ìgbà tí mo ti rí èyí, n kò lè pe ilé yẹn ní àpótí mọ́.

Láàárín gbàgede yìí ni Flamingo wà, ère tí Alexander Calder ṣe, tí wọ́n ṣí aṣọ lójú rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1974. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 53, pupa ni, kò sì sí ibi kankan lára rẹ̀ tí ó rí gbọọrọ bí ilé tí ó yí i ká. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn wò ó láti òkèèrè, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó wọ abẹ́ rẹ̀. Mo wọ abẹ́ rẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé àwo irin ni wọ́n tò pọ̀, wọ́n sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gbá wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà tẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti bóòtù tí ẹnikẹ́ni lè fojú rí. Ohun tí Mies ń ṣe lára ilé ni Calder náà ń ṣe lára ère: kò sí èyí tí ó fi egungun pamọ́ nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí mo gbójú sókè láti abẹ́ ère náà, etí irin pupa gé ojú ilé dúdú sí ọ̀nà tí n kò lè rí láti ibòmíràn, mo sì gbà pé ẹni tí kò bá rìn yí ère yìí ká kò tíì rí i. Mies ti kú ní 1969, kò rí ère náà níbẹ̀. Ó dùn mí díẹ̀.

Ní ìkóríta Monroe, mo wo ilé Inland Steel fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n parí rẹ̀ ní ìparí ẹ̀wádún 1950, ìdáhùn rẹ̀ sí ìbéèrè mi sì yá mi lórí: ìta ni wọ́n kó àwọn òpó sí, wọ́n sì kó ẹ̀rọ agbéniròkè àti àtẹ̀gùn sínú ilé gíga mìíràn tí ó fara tì í, kí àárín ọ́fíìsì lè ṣófo láìsí òpó kan. Ní òdìkejì ọ̀nà ni iṣẹ́ ọnà Four Seasons ti Marc Chagall wà, tí ó dé ibẹ̀ ní 1974. Ògiri gígùn kan ni, tó ẹsẹ̀ bàtà 70, ẹ̀là òkúta àti gíláàsì kéékèèké ni wọ́n sì fi ya gbogbo ojú rẹ̀, ní àwọ̀ tí ó lé ní 250. Chagall ṣì ń tún un ṣe lẹ́yìn tí ó ti dé ìlú náà, ó sì fi ẹ̀là bíríkì Chicago gan-an kún un. Mo wá àwọn ẹ̀là bíríkì yìí títí, nítorí bíríkì ni ìrìn mi fi bẹ̀rẹ̀.

Gbàgede Daley ni ó kàn. Ilé ẹjọ́ tí ó wà níbẹ̀, tí Jacques Brownson yàwòrán rẹ̀, ni wọ́n parí ní 1965. Àyè tí ó wà láàárín òpó kan sí èkejì lójú rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 87, nítorí yàrá ìgbẹ́jọ́ ní láti fẹ̀ láìsí òpó tí yóò dí ojú adájọ́. Irin tí wọ́n fi bo ilé náà jẹ́ irú èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó dógùn-ún: bí òde rẹ̀ bá ti dógùn-ún tán, òun ni yóò máa dáàbò bo inú, kò sì nílò ọ̀dà. Irin yìí kan náà ni wọ́n fi ṣe ère Pablo Picasso tí ó dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n ṣí lójú ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1967. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 50, ó sì wúwo tó tọ́ọ̀nù 162. Picasso kò tẹ ilẹ̀ Chicago rí, kò gba owó, ó ní ẹ̀bùn ni fún àwọn ará ìlú. Kò fún un ní orúkọ, nítorí náà awuyewuye pọ̀ lórí ohun tí ó jẹ́: àwọn kan ní obìnrin ni, àwọn kan ní ajá, àwọn mìíràn ní ọ̀bọ.

Èmi kò bá wọn jà sí ìyẹn. Mo dúró níwájú rẹ̀, ojú ni mo rí, ojú méjì tí ó sún mọ́ ara wọn. Mo yí sí ẹ̀gbẹ́, ojú náà di àwo irin pẹlẹbẹ, ìyẹ́ méjì sì là sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀pá irin wẹ́wẹ́ tí ó so wọ́n pọ̀ bí okùn gòjé. Láàárín àwọn ọ̀pá yẹn ni mo ti wo ilé ẹjọ́ náà, àwọ̀ méjèèjì sì bára mu pátápátá. Àwọn ọmọdé ń yọ̀ wálẹ̀ lórí ìdí ère náà tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì lé wọn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1970 pàápàá, ilé ẹjọ́ dájọ́ pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ àdáni lórí àwòrán ère yìí, gbogbo ayé ló ni ín.

Ní òdìkejì òpópónà Washington ni ère Joan Miró wà, tí wọ́n gbé síbẹ̀ ní 1981, ó fara pamọ́ sí àlàfo tóóró kan, ọ̀pọ̀ sì máa ń kọjá lára rẹ̀. Ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀: kọnkéré ni ògiri rẹ̀, ó sì ń fẹ̀ síta bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Monadnock ti ṣe.

Mo dé orí afárá ní ọ̀sán. Ní òdìkejì odò ni ilé ìbejì Marina City wà, tí Bertrand Goldberg yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1960, àjà 65 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àjà 19 ìsàlẹ̀ wà fún ìgbọ́kọ̀sí, àwọn ọkọ̀ sì ń yí ká gòkè bí ẹni gun òkè. Òpó kọnkéré ńlá kan tí ó wà láàárín ni ilé kọ̀ọ̀kan gbára lé, àwọn yàrá sì là jáde lára rẹ̀ yíká, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú bàkónì tí ó tẹ̀ roboto. Goldberg yìí kẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Mies ní Jámánì, síbẹ̀ ó kọ igun mẹ́rin ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Mo ka iye àga, òdòdó àti kẹ̀kẹ́ tí àwọn olùgbé kó síta sórí bàkónì, nǹkan tí ilé Mies kò ní gbà láéláé. Iṣẹ́ Mies ni mo ṣì fẹ́ràn láti máa wò, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí n yan èyí tí n ó máa gbé, Marina City ni n ó wọ̀.