Isibhaha: Ewé Ni Kí Ẹ Já, Ẹ Fi Èèpo Sílẹ̀

A kò kọ ìwé yìí láti kọ́ yín ní oko ríro. Ẹ̀yin ará KwaZulu-Natal ní South Africa mọ ìyẹn jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ èèpo isibhaha, igi oògùn tó ń ta lẹ́nu bí ata, ló bá wa débí. Isibhaha mọ́kànlá ni abúlé kan gbìn sínú ọgbà àjọni, wọ́n bomi rin ín fọ́dún mẹ́rin. Ẹnì kan yọ́ wọlé lóru, ó bó gbogbo rẹ̀ yípo láti orúnkún dé èjìká. Kí òjò tó padà, gbogbo rẹ̀ ti gbẹ.

Igi tí ẹ bá bó yípo ti kú nìyẹn. Amọ̀ tí ẹ fi rẹ́ ẹ kò ní jí i. Ara èèpo ni oúnjẹ ń gbà dé gbòǹgbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ọ̀gànwó nílẹ̀ Yorùbá, ojú wa ló ṣe.

Ẹ já ewé kan, ẹ jẹ ẹ́: yóò ta yín lẹ́nu bí èèpo. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò rí i pé ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú èèpo wà nínú ewé náà. Oníbàárà ọjà Warwick ní Durban lè kọ́kọ́ yínmú. Ẹ fún un tọ́ wò.

Igi tí kò tíì pé ọdún 2, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tó bá pé, ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ nìkan: nínú ewé 4, ẹ já 1. Ẹ má ká ọ̀mùnú orí rẹ̀. Ó di oṣù 3 kí ẹ tó padà sídìí igi kan náà. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ sá a sí.

Kòkòrò a máa ba èso rẹ̀ jẹ́, nítorí náà ẹ̀ka ni kí ẹ rì, gígùn 15 cm. Oṣù kẹwàá ni kí ẹ lọ́ ọ, mítà 3 síra wọn. Láti oṣù kẹfà dé ìkẹjọ, lítà omi 5, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ọgbà Silverglen ní Durban ti ń tọ́ igi oògùn láti àwọn ọdún 1980.

Ẹ̀yin izinyanga, oníṣègùn ìbílẹ̀, tó ní àṣà Zulu lẹ ń gbé ró, indungulo, ìyẹn atalẹ̀ igbó, dà nínú igbó? Ọkọ́ tí ẹ fi ń wú u náà ló pa á.

Ẹni tó bá já ewé, kó kọ orúkọ, ọjọ́ àti iye àpò sínú ìwé tó wà lọ́wọ́ induna, olórí abúlé. Ẹni méjì ni kó mú kọ́kọ́rọ́ ọgbà, kí wọ́n má sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà.