Òdòdó rẹpẹtẹ, èso òdo: ohun tí ojú mi rí lórí pómégíránétì inú rọ́bà ní Àkúrẹ́

Owó tí mo ti ná lórí igi kan ṣoṣo yìí, ká ní èso ẹ̀ ni mo fi ń rà lọ́jà Ọba ni, màá ti jẹ ẹ́ títí á fi sú mi. ₦15,000 ni oníigi kan lẹ́bàá títì gbà lọ́wọ́ mi, ó ní ara ìyá tó ti ń so ni wọ́n ti gé e, kì í ṣe èyí tí wọ́n gbin kóró ẹ̀ tó máa fi ọdún 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ falẹ̀. Kò purọ́ níbẹ̀ o, torí igi ọ̀hún tètè yọ òdòdó lóòótọ́. Òdòdó nìkan.

Mi ò ní pẹ́ lórí gbígbìn, ẹni tó bá ti gbin ata sínú rọ́bà rí ti mọ̀ ọ́n: rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20, kẹ́ ẹ lu ihò sí ìdí ẹ̀ dáadáa, iyẹ̀pẹ̀ dúdú, yanrìn odò, ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà. Ó parí.

Òdòdó yẹn ni wàhálà. Ó pupa fòò, àwọn tó ń kọjá ń dúró wò ó, èmi náà ń ṣe fáàrí, mo ń gbé fọ́tò ẹ̀ sí status, àfi tí ilẹ̀ bá mọ́ tí mo máa bá wọn nílẹ̀ yí ìdí rọ́bà ká, wọn ò rọ, wọn ò gbẹ, wọ́n kàn já ni. Mo pe oníigi, ó ní kí n bu ìgbẹ́ adìyẹ sí i. Mo bu ú, ewé ló kù tó ń yọ, ewé tútù yọ̀yọ̀, òdòdó tún wá dín kù! Mo tún pè é, ó ní oògùn kan wà tí wọ́n ń fín sí i tó máa jẹ́ kí òdòdó dúró, ₦4,500, ta ló sì ń tà á? Òun náà ni! Mo fín in, wọ́n tún já. Ìyá onílé wa ní ojú ti pọ̀ jù lára igi náà, kí n lọ gbàdúrà sí i.

Àbúrò mi tó ka iṣẹ́ ọ̀gbìn ní FUTA ló wá tú àṣírí. Ó ṣa ọ̀kan nílẹ̀, ó fi bíléèdì là á sí méjì lójú mi: ìdí ẹ̀ tín-ín-rín, àtíkè yẹ́lò ló wà nínú ẹ̀, kò sí ibi tí èso fẹ́ ti jáde. Ó wá fi òmíràn tó ṣì wà lórí igi hàn mí, ìdí tiẹ̀ wú bíi kèrègbè kékeré. Èyí ló lè so, ó ní akọ ni ti ilẹ̀ yẹn, jíjá ló máa já, kò sí oògùn tó lè dá a dúró. Ẹ gbọ́, ₦4,500!

Bó ṣe wá rí nìyí: mo gbé rọ́bà kúrò lábẹ́ bákónì lọ sí ẹ̀gbẹ́ táǹkì omi níbi tí oòrùn ti máa ń pa á ju wákàtí 6 lọ, mo jáwọ́ nínú ìgbẹ́ adìyẹ, mo ń wọ́n eérú igi díẹ̀ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn tí òjò dá ní Nòfẹ́ńbà, òdòdó tún dé, mo bá mú bíróṣì pàǹkéèkì ìyàwó mi (ó ṣì ń bínú), mo ń fi ra àtíkè akọ, mo sì ń fi kan àárín àwọn onídìí ńlá láàárọ̀ tí ìrì bá ti gbẹ. Igi kan ti tó, kò nílò èkejì. Mẹ́rin ló dúró, mẹ́rin o, nínú rọ́bà pẹ́ńtì!

Àmọ́ ẹ fiyè sí omi. Èso yẹn máa ń lo bí oṣù 5 sí 7 lórí igi, òjò Épírì á sì bá a níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kó gbẹ jù nígbà ọyẹ́, tí òjò ńlá wá dé lójijì, bíbẹ́ ló máa bẹ́. Ọ̀kan nínú tèmi là gbàrà, èèrà ló jẹ ẹ́. Omi díẹ̀ déédéé ló fẹ́.

Tí n bá tún fẹ́ òmíràn, mi ò ní ra igi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀ka tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tó gùn tó ìbú ìwé ńlá kan, ni mo gé lára tèmi, mo kì wọ́n bọ yanrìn tútù níbi tí oòrùn ò ti le jù, àwọn kan ti ń rúwé, ìyá onílé sì ti ní òun fẹ́ ọ̀kan.