“Ṣé Òótọ́ Ni?”: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Wọ́n Bá Purọ́ Mọ́ Obìnrin Olóṣèlú

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni?” Ìbéèrè yìí ló sábà máa ń bá fídíò burúkú nípa obìnrin olóṣèlú wọ gúrúùpù WhatsApp ẹbí àti ti ìjọ. Ẹni tó fi í síbẹ̀ lè má ní ète ibi, ó kàn fẹ́ mọ òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó dáhùn, gbogbo ilé ti wò ó, àwọn kan sì ti fi í ránṣẹ́ síbòmíràn láìfi ìbéèrè náà kún un. Lójú tèmi, àṣìṣe tó burú jù nìyí, nítorí àwa tí a kò bá obìnrin náà jà là ń bá ọ̀tá rẹ̀ gbé e káàkiri.

Ẹ wo Cara Hunter, olóṣèlú ní Northern Ireland. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, nígbà tí ìdìbò wọn ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, fídíò ìhòòhò kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí WhatsApp, wọ́n ní òun ni. Kì í ṣe òun. Ẹni tí kò mọ̀ rí ló kọ̀wé sí i pé ṣé òun ló wà níbẹ̀. Ó wọlé, àmọ́ ìbò 14 péré ló fi là á já. Gúrúùpù ẹbí kan ṣoṣo lè ní ìbò 14 nínú! Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìdìbò kì í dúró de òtítọ́.

Àṣìṣe kejì ni kí ènìyàn gbà pé ojú òun yóò dá ayédèrú mọ̀. À ń ka ìka ọwọ́, à ń wò bóyá ẹnu bá ọ̀rọ̀ mu, bí ẹni pé AI, ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ ṣe àwòrán àti ohùn, nìkan ló ń purọ́. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, fídíò gidi ti Nancy Pelosi, tó jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà nígbà náà, ni wọ́n dín eré rẹ̀ kù, tí ohùn rẹ̀ fi ń wọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Facebook kò sì yọ ọ́ kúrò. Ti Annalena Baerbock, olóṣèlú ní Jámánì, lọ́dún 2021 tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀rọ̀ tí kò sọ rí ni wọ́n kọ mọ́ ọn lẹ́nu, pé ó fẹ́ ka ajá àti ológbò inú ilé léèwọ̀. Nítorí náà, ẹ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ jáde: ọjọ́ wo, níbo, ta ló gbà á sílẹ̀? Dubawa àti Africa Check ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí ní Nàìjíríà.

Ẹ má tún àwòrán náà gbé jáde nítorí pé ẹ fẹ́ tako irọ́. Òtítọ́ nìkan ni kí ẹ kọ.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni “ṣebí òṣèlú ló wọ̀, kó fara dà á.” Bí wọ́n bá ní ọkùnrin kówó jẹ, ó lè mú ìwé ìnáwó jáde. Bí wọ́n bá ní obìnrin fi ara rẹ̀ ra ipò, kí ni yóò mú jáde? Ní ìdìbò 2023, obìnrin 3 ló wọlé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà wa, nínú ìjókòó 109. Àwọn ọmọbìnrin wa wà nínú gúrúùpù wọ̀nyẹn, wọ́n ń ka ohun tí à ń kọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kọ orúkọ àkáǹtì àti ọjọ́ tó jáde sílẹ̀, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun iléeṣẹ́ tó ni ojú-òpó náà, kí ẹ sì fi tó àwọn òṣìṣẹ́ obìnrin náà létí ní ìkọ̀kọ̀. Bó bá jẹ́ ti ìhòòhò, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ lè lo StopNCII, ojú-òpó tó ń dènà pípín àwòrán ìhòòhò ẹni káàkiri: orí fóònù tirẹ̀ ni yóò ti ṣe àmì ìdánimọ̀ fún àwòrán náà, àwòrán kò ní jáde, Facebook àti Instagram yóò sì lè fi àmì náà dá a dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ pe ẹni tó fi í sí gúrúùpù, kì í ṣe lójú gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ àgbà: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ mà, irọ́ ni fídíò yẹn, ẹ bá wa pa á rẹ́ fún gbogbo ènìyàn.” Kí ẹ tètè pè é, nítorí bó bá ti lé ní ọjọ́ méjì ààbọ̀, WhatsApp kò ní jẹ́ kó lè pa á rẹ́ lórí fóònù àwọn yòókù mọ́.