Gbá Ara Kí O Tó Wẹ̀: Bí A Ṣe Ń Lo Búrọ́ọ̀ṣì Gbígbẹ Lásìkò Ọyẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti dé, láti inú oṣù Ọ̀pẹ títí wọ Èrèlé, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n máa ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Bódìjà. "Àǹtí, mo fi ìpara para láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán, ojúgun mi ti funfun." Ìyàwó ojú ọ̀nà sọ ọ́, tíṣà sọ ọ́, àwọn bàbá tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wọn lọ́dọ̀ mi náà ń sọ ọ́. Wọ́n á ní kí n ta ìpara tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún wọn. Èmi kì í kọ́kọ́ ta ìpara. Ohun tí mo máa ń wò ni bóyá awọ tó ti kú ti pọ̀ jù lórí ara, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, orí rẹ̀ ni gbogbo ìpara máa dúró sí, aṣọ á sì nù ún kúrò.

Awọ wa kì í dúró sójú kan. Tuntun ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ó ń gun òkè, ó ń kú, ó sì ń já dànù. Ó máa ń tó nǹkan bí oṣù kan kí èyí tó wà nísàlẹ̀ tó dé òkè. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ti gbẹ, òkú awọ yìí kì í já bọ̀rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ra ní ìpépé ìpépé. Iṣẹ́ tí búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ń ṣe kò ju kó gbá ìpépé yẹn kúrò lọ, kí òrí àti òróró lè dé ara. Ara á dán, á sì máa tuni lára. Mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn.

Àwọn kan ń tà á fáwọn èèyàn pé ó ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ni iṣẹ́ yẹn, búrọ́ọ̀ṣì kò dé ibẹ̀. Wọ́n tún ní ó ń yọ́ ọ̀rá itan, pé ó ń mú kí awọ itan tó rí kótokòto tẹ́jú. Bí ẹ bá gbá itan tán, ẹ̀jẹ̀ á sáré wá síbẹ̀, awọ á wú díẹ̀, á dà bíi pé ó ti tẹ́jú, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tí á fi padà sí bó ṣe wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó yín lórí ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tó ká mi lára jù nìyí, torí àwa tí awọ wa dúdú ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Awọ dúdú tí a bá ṣe léṣe, bí kò tilẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, máa ń fi àmì dúdú sílẹ̀, àmì náà sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọ̀pọ̀ fídíò tí ẹ ń wò, aláwọ̀ funfun ló ń ṣe é nínú rẹ̀. Wọ́n á ní kí ẹ dúró tí ara bá ti pọ́n. Kí awa tó rí i pé ara pọ́n, a ti ṣe é jù. Nítorí náà, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ fi bó ṣe ń ṣe yín lára wọ̀n ọ́n. Bí ara bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó dára. Bí ó bá ń ta yín, tàbí tí ó ń yún yín nígbà tí ẹ ṣe tán, ọwọ́ yín le jù.

Ọwọ́ wa sì máa ń le lóòótọ́. Kànìnkànìn ni wọ́n fi tọ́ wa dàgbà, ìyá ẹni á fi ha ẹ̀yìn ẹni títí a ó fi ké. Ṣùgbọ́n omi máa ń rọ kànìnkànìn, ọṣẹ sì máa ń mú kó yọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ kò ní omi, kò ní ọṣẹ. Ọwọ́ tí a fi ń gbá ilẹ̀ ní yàrá tí ọmọ tuntun ń sùn sí, tí a kò fẹ́ kí eruku sọ, ọwọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ fi mú un.

Ẹ ra búrọ́ọ̀ṣì ara, kì í ṣe ti ìfọṣọ, kì í ṣe ti ìfọlẹ̀. Èyí tí wọ́n fi okùn ara ewéko ṣe ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn kan wà tí wọ́n fi irun ẹlẹ́dẹ̀ ṣe. Ó rọ̀, ó sì dára, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi tó jẹ́ Mùsùlùmí kì í fẹ́ ẹ, mo sì máa ń sọ fún wọn kí wọ́n ka ara páálí kí wọ́n tó sanwó. Ẹ fà á sí inú apá yín, níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́ láàárín ọrùn ọwọ́ sí ìgbọ̀nwọ́. Bí ó bá fa ìlà funfun tí kò tètè parẹ́, tàbí tó gún yín, ẹ gbé e sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ẹ yan èyí tó ní ọwọ́ gígùn nítorí ẹ̀yìn, tí a sì lè yọ orí rẹ̀ kúrò lára igi. Kànìnkànìn gbígbẹ kò lè rọ́pò rẹ̀ o. Bí ó bá gbẹ, ẹnu rẹ̀ mú.

Kí ẹ tó wẹ̀ ni kí ẹ ṣe é. Ara gbígbẹ, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, ìpara kankan kò gbọdọ̀ sí lára. Ẹ dúró síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, lórí táìlì tí ẹ lè gbá, torí ìpépé á máa jábọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Ẹ fa búrọ́ọ̀ṣì gùn, láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sí orúnkún, kí ẹ gbé e kúrò lára, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lójú kan ti tó. Ẹ má ṣe lọ kí ẹ bọ̀ bí ẹni ń fọ ìkòkò. Láti orúnkún, ẹ lọ sí itan, kí ẹ wá sí ìdí. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọwọ́: láti ọrùn ọwọ́ lọ sí èjìká. Ìhà ọkàn ni a máa ń darí rẹ̀ sí. Orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti gìgísẹ̀ le ju ibi yòókù lọ, ẹ lè yí búrọ́ọ̀ṣì po díẹ̀ níbẹ̀. Ikùn ń fẹ́ ọwọ́ tó fúyẹ́ gan-an. Ẹ̀yìn, ẹ gbá ibi tí ọwọ́ yín bá dé. Ẹ fi ojú, ọrùn, ọmú, abíyá àti ojú ara sílẹ̀ pátápátá. Gbogbo rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ fi wẹ̀, kì í ṣe èyí tó ń hó, nítorí omi gbígbóná á gbé ìwọ̀nba òróró tó kù lára lọ. Ẹ má lo kànìnkànìn lọ́jọ́ yẹn. Ọṣẹ dúdú mi kò burú, èmi fúnra mi ń tà á, ṣùgbọ́n ó lágbára. Ẹ jẹ́ kó kéré. Ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi kúrò lára, ẹ má nù ún gbígbẹ. Ara ṣì gbọ́dọ̀ tutù díẹ̀ nígbà tí ẹ bá mú òrí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lọ̀ ọ́ títí tí á fi yọ́, kí ẹ wá fi para, bẹ̀rẹ̀ láti ojúgun. Ẹni tí kò bá fẹ́ òrí, òróró àgbọn tàbí fásílìnì náà dára. Ẹ má fi bíléèdì fá irun lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí lọ́fínńdà kan ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Àwọn kan wà tí mi ò ní gbà kí wọ́n ṣe é. Ẹni tó ní àléfọ́, làpálàpá, eéwo, egbò tàbí ibi tí oòrùn jó. Ẹni tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ wú jáde. Ẹni tí àpá rẹ̀ máa ń wú. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tí kò sì mọ nǹkan lára mọ́ lẹ́sẹ̀, nítorí ó lè fara pa láìmọ̀. Àwọn àgbàlagbà tí awọ wọn ti fẹ́lẹ́, àti ọmọ kékeré. Ẹni tó ń bóra ńkọ́? Mo máa ń bẹ wọ́n ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé kí wọ́n gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpara ìbóra ní oògùn steroid nínú, oògùn yẹn sì máa ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìfàsí kan péré lè bó o. Ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ rí dókítà awọ, torí fífi í sílẹ̀ lójijì náà ní wàhálà tirẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Bí ọyẹ́ bá le, kó di ẹ̀ẹ̀mejì, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lásìkò òjò, èmi kì í lò ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Kí oníkálukú ní búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, tọkọtaya náà pẹ̀lú. Bí èèyàn méjì bá ń lo ẹyọ kan, làpálàpá lè ti ara ẹnì kan dé ara èkejì. Ẹ gbọn eruku rẹ̀ dànù bí ẹ bá ti ṣe tán. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ irun rẹ̀ nìkan, ẹ má rì igi rẹ̀ sómi, kí ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ dojú irun rẹ̀ kọ ilẹ̀ kí omi má bàa wọnú igi. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, kì í ṣe inú balùwẹ̀, kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó tún lò ó. Bí ó bá ti ń rùn, tí dúdú ti ń hù nídìí irun rẹ̀, tàbí tí irun rẹ̀ ti ń ṣẹ́ tó sì ń gún yín, ẹ jù ú nù kí ẹ ra òmíràn.